Ẹja Kan, Orúkọ Méjì

Lónìí, ìtàn wrasse ni mo gbé wá, àwọn ẹja òkun aláwọ̀ mèremère tí àwọn kan ń sìn nínú àpótí gíláàsì olómi iyọ̀.

Ní 1758, Carl Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden, tẹ ẹ̀dà kẹwàá ìwé Systema Naturae jáde. Ó pe wrasse kan ní Labrus mixtus, ó pe òmíràn ní Labrus bimaculatus. Àṣé ẹja kan náà ni! Èmi ò lè bá a wí. Akọ rẹ̀ ní ilà búlúù lára àwọ̀ ọsàn. Abo rẹ̀ pupa rúsúrúsú, pẹ̀lú àmì dúdú mẹ́ta lẹ́yìn. Ta ni yóò pè wọ́n ní tọkọtaya?

Ní 1972, D. R. Robertson kọ nípa Labroides dimidiatus ní Great Barrier Reef, Australia. Tèyí tún yàtọ̀: akọ àti abo jọra. Akọ kan ló ń ní ìyàwó púpọ̀. Bí ó bá kú, ìyálé ni yóò gba ipò rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀, yóò máa hùwà bí ọkọ. Nígbà tó bá fi di bí ọjọ́ 14 sí 18, ó ti ní àtọ̀ lára.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin wrasse, ẹ má fọkàn tán àwọ̀ nìkan. Ẹ wo ìwà wọn pẹ̀lú: ta ló ń lé ta? Abo tí ẹ rà lónìí lè di baálé lọ́la.