Àdúrà Tó Ń Sọ Ọkùnrin Méjì Di Arákùnrin

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi mí ṣáá: ṣé Ìjọ Kristẹni ti súre fún ọkùnrin méjì papọ̀ rí?

Oṣù Kejìlá 2023 ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù náà, Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà nínú ìsìn fún ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó ń fẹ́ ara wọn. Póòpù Francis náà fọwọ́ sí ìwé Fiducia Supplicans, tó gba àlùfáà láyè láti súre fún irú wọn, bí kò bá ṣáà ti jọ ìgbéyàwó. Kò pé oṣù kan tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Áfíríkà fi ní kò ní í ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Àwọn tó fara mọ́ ìsúre yìí sábà máa ń nawọ́ sí ìwé àtijọ́ kan ní ilé ìkàwé Vatican. Barberini 336 ni wọ́n ń pè é. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi kọ ọ́, ní apá ìparí ọ̀rúndún kẹjọ, kò sì sí ìwé àdúrà Bisáńtíọ́ọ̀mù tó ṣẹ́ kù tó dàgbà jù ú lọ. Àdúrà tó ń sọ ọkùnrin méjì di arákùnrin wà nínú rẹ̀. Adelphopoiesis ni orúkọ ètò náà. Àlùfáà á bẹ Ọlọ́run kí àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn láìsí ìkórìíra. Nínú irú àdúrà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń dárúkọ Sergius àti Bacchus, ajẹ́rìíkú méjì.

Ní 1994, John Boswell ti Yale kọ̀wé pé ohun tó súnmọ́ ìgbéyàwó ni. Ó ní nínú àwọn ìwé kan, ẹ̀gbẹ́ ìsìn ìgbéyàwó gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ariwo ta! Ní 2016, Claudia Rapp ti Vienna gbé ìwé tirẹ̀ jáde. Ó tọpa ètò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-anìkàngbé tó ń gbé ní méjì-méjì, ó sì fi hàn bí àwọn èèyàn ìta ṣe wá ń fi í so ìdílé pọ̀.

Ẹ wo Basil, tó di ọba ní 867. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní opó olówó kan ní Patras, Danelis, fún un ní wúrà àti ẹrú, kí ó ṣáà gbà láti di arákùnrin John ọmọ òun. Ọmọ Yorùbá tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìmùlẹ̀ á tètè lóye èyí: obìnrin náà ń wá alátìlẹ́yìn fún ọmọ rẹ̀.

Èmi gbà pé Rapp ló súnmọ́ òótọ́ jù. Àdúrà ìgbéyàwó Bisáńtíọ́ọ̀mù ń tọrọ ọmọ. Èyí kò tọrọ ọmọ. Àmọ́ ẹni tó bá ní Ìjọ kò da ọkùnrin méjì pọ̀ rí níwájú pẹpẹ, tí kò sì bẹ Ọlọ́run pé kí ìfẹ́ wọn tọ́jọ́, irọ́ ló ń pa. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó kúnlẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́? Ìwé àdúrà kì í sọ ìyẹn. Ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́, ó sì lè jẹ́ ìfẹ́ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré o. Ní Nàìjíríà, òfin 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dúró de ọkùnrin méjì tó bá gbé ara wọn níyàwó. Nígbà tí òmìnira ọmọ ẹlòmíràn wà nínú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí á ṣọ́ ẹnu wa. Bí ẹ bá fẹ́ kí Ìjọ súre lónìí, ẹ sọ ìdí tiyín. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ sọ tiyín náà. Ẹ má fi ẹnu Basil sọ ọ́.