Ìhun Purotéènì àti Àrùn Fòníkú-Fọ̀ladìde: Àgbéyẹ̀wò Ìwádìí Òde-Òní fún Ilẹ̀ Èkìtì

Ní Adó-Èkìtì, olú-ìlú ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá, kí a lè mọ̀ bóyá AA ni wọ́n, tàbí AS, tàbí SS. Àṣà yìí dára, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ìdílé lọ́wọ́ ẹkún, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an tí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí fi di ọ̀ràn ìyè àti ikú. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti to ìwádìí àwọn onímọ̀ lórí bí ara ṣe ń hun purotéènì lẹ́sẹẹsẹ, kí ó sì fi hàn pé inú iṣẹ́ ìhun yìí ni ó ṣeé ṣe kí oògùn tí apá mẹ̀kúnnù ká ti jáde fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

DNA ni ìwé àkọsílẹ̀ ìran tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ara kì í gbé ìwé náà fúnra rẹ̀ jáde. Ẹ̀dà rẹ̀, tí à ń pè ní RNA ìránṣẹ́, ni ó ń rán lọ bá ráíbósóòmù. Bí ìyá àgbà Èkìtì tí ó jókòó ti òfì ṣe ń fi òwú kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí aṣọ yóò fi pé, bẹ́ẹ̀ ni ráíbósóòmù ń ka RNA ní lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, tí ó ń so ásíìdì àmínò kan mọ́ òmíràn di purotéènì, títí yóò fi kan àmì ìdúró. Oríṣi ásíìdì àmínò 20 ni ó ń lò. Ada Yonath, Thomas Steitz àti Venkatraman Ramakrishnan gba ẹ̀bùn Nobel ní 2009 nítorí pé wọ́n fi bí ráíbósóòmù ṣe rí hàn wá. Nítorí pé ti kòkòrò àrùn sì yàtọ̀ sí tiwa ni streptomycin àti erythromycin fi lè dá iṣẹ́ kòkòrò dúró, kí tiwa sì máa lọ.

Àìsàn lè ti ọ̀nà púpọ̀ wọ inú iṣẹ́ yìí. Nínú àrùn Diamond-Blackfan, ráíbósóòmù kò pé bí ó ti yẹ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò sì tó. Nínú oríṣi thalassemia kan, àmì ìdúró dé kí iṣẹ́ tó parí. Ti fòníkú-fọ̀ladìde yàtọ̀. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé hẹmoglóbíìnì aláìsàn náà, purotéènì tí ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, kò rí bí ti ẹlòmíràn. Ní 1956, Vernon Ingram ní Cambridge rí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. Nínú ásíìdì àmínò 146 tí ó para pọ̀ di okùn bẹ́tà hẹmoglóbíìnì, ẹyọ kan péré, ìkẹfà, ni ó yí padà, nítorí pé GAG di GUG nínú RNA ìránṣẹ́. Ráíbósóòmù kò ṣìnà. Ohun tí a kọ fún un ni ó kà. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ: ẹyọ kan yìí ni ó ń jẹ́ kí hẹmoglóbíìnì so pọ̀ mọ́ra nígbà tí ọ́síjìn bá kúrò lára rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tẹ̀, kí ó sì dí àwọn iṣan tín-ín-rín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tí ó ní àrùn yìí, ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀: a fi oyin àti iyọ̀ kàn án lẹ́nu, ara rẹ̀ le koko, kò sí ẹni tí yóò fura. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ lè wú lójijì, tí yóò máa figbe ta bí a bá fọwọ́ kàn án. Ohun tí ó dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀ ni hẹmoglóbíìnì ọmọ inú, tí kì í so pọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ara sì ń dín kù bí ọmọ ti ń dàgbà. Ní 2008 ni a rí i pé purotéènì BCL11A ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Boston fi hàn pé RNA ìránṣẹ́ BCL11A wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọmọ tuntun gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ti àgbà, ṣùgbọ́n purotéènì mìíràn, LIN28B, dì mọ́ ọn, kò jẹ́ kí ráíbósóòmù hun ún tó. Ṣáájú èyí, ní 2018, àwọn onímọ̀ ní Philadelphia ti dín HRI kù nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú ní yàrá ìwádìí. HRI yìí ni olùdarí tí ń fa ọwọ́ ìhun purotéènì sẹ́yìn nígbà tí èròjà heme kò bá tó. Bí ó ti dín kù ni hẹmoglóbíìnì ọmọ inú pọ̀ sí i, tí títẹ̀ sẹ́ẹ̀lì sì dín kù.

Ibi mẹ́ta, nígbà náà, ni a lè gbà bá àrùn yìí jà. Èkínní ni inú ìwé àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀: ìtọ́jú Casgevy, tí Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ìparí 2023, ń gé apá tí ń darí BCL11A, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ fún ẹnì kan. Ìkẹta ni ara purotéènì tí a ti hun tán: ibẹ̀ ni Niprisan bọ́ sí, oògùn ilẹ̀ wa tí a fi ìyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ṣe, tí ó ń dènà títẹ̀ sẹ́ẹ̀lì. Ìkejì, tí ó wà láàárín, ni ìhun purotéènì. Ohun tí ọwọ́ kò bá tó, gọ̀ngọ̀ ni a fi ń fà á: oògùn oníhóró tí yóò dá HRI dúró lè dé Ìkéré àti Ìjerò, níbi tí Casgevy kò lè dé.

Síbẹ̀, ìkánjú kò yẹ níhìn-ín. Eku tí kò ní HRI, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì ní èròjà irin tó, àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa le gan-an. Ní ilẹ̀ tí ibà àti àìtó irin ti ń bá ọmọdé fínra, àárín àwọn ọmọ wa gan-an ni a gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá irú oògùn bẹ́ẹ̀ yóò gbà wọ́n tàbí yóò pa wọ́n lára. Nítorí náà, kí àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni tí ó wà ní Adó àti Ìdó-Èkìtì, àti àwọn yunifásítì wa, bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò láti ọjọ́ ìbí, kí wọ́n máa tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì múra láti wà nínú ìdánwò oògùn náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilẹ̀ tí ó ti fi ọ̀jọ̀gbọ́n ta ayé lọ́rẹ kò gbọdọ̀ dúró de àjèjì kí ó wá wo ọmọ rẹ̀ sàn.