Wọ́n Ní, Mo Rí I, A Kà Á: Ìtàn Ẹ̀rí Lórí Iṣẹ́ Abẹ ní Áfíríkà

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Èmi onímọ̀ èdè fẹ́ràn òwe yìí, torí ó fi hàn pé Yorùbá ò ka gbogbo ẹ̀rí sí ọgbọọgba. "Ojú mi ló ṣe" wúwo ju "wọ́n ní" lọ. Ṣùgbọ́n tó bá kan iṣẹ́ abẹ àti oògùn akunilóorun, àfojúbà nìkan náà ò tó. Ìwádìí méjì tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Áfíríkà ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Ní Jọ́bẹ̀lẹ̀ níbí, bíi ti Fìdítì àti Ìlọrà, tí ẹnì kan bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò padà wálé, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé, "Abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n fún un tí kò fi jí mọ́." Àwọn ará ilé ò purọ́, wọ́n rí òkú. Àmọ́ ta ló ka àwọn tó jí, tí wọ́n rọra gba ilé wọn lọ? Ẹni tó kú là ń ròyìn. Ẹni tó yè, a kì í kéde ẹ̀. Ìbẹ̀rù yìí ló ń mú kí àwọn kan fi iṣẹ́ abẹ falẹ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí.

Ní 2016, àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà pinnu láti kà. Bruce Biccard ti Yunifásítì Cape Town ló ṣáájú wọn. Simbo Amanor-Boadu àti Akínyínká Ọmígbódùn láti Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 2018. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ méje, wọ́n sì ka àwọn tó ti pé ọdún 18 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún: ènìyàn 11,422, ní ilé ìwòsàn 247.

Nínú 11,193 tí wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn já sí, 239 kú. Ìyẹn jẹ́ 2.1 nínú 100, ìlọ́po méjì ti àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: 225 nínú àwọn 239 yẹn ni kò kú lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ̀yìn ọjọ́ náà ni ikú dé. Kí kòkòrò àrùn wọ ara ló sì wọ́pọ̀ jù nínú ìṣòro tó ṣẹlẹ̀. Èyí ò wẹ oògùn oorun mọ́ pátápátá. Ìgbà tí ikú dé ni iye yìí sọ, kò sọ ohun tó fà á. Síbẹ̀, ó ti kọjá "wọ́n ní."

Wọ́n wá rò ó pé, tó bá jẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń kú, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ wọn dáadáa. Ní 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kejì: kí nọ́ọ̀sì máa yẹ ẹni tí ara rẹ̀ ò le wò lemọ́lemọ́, kí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń rí i, kí wọ́n gba ẹbí rẹ̀ láyè láti dúró tì í. Ta ló máa ta ko ìyẹn? Síbẹ̀, wọ́n dìbò pín ilé ìwòsàn 332: àwọn kan ṣe é, àwọn yòókù ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí tàtẹ̀yìnwá. Àwọn babaláwo mọ ìdí ẹ̀: ẹni tó wá dá Ifá ló ń di ìbò mọ́wọ́, kí ìfẹ́ ọkàn awo má baà darí ìdáhùn.

Ènìyàn 28,892 ni wọ́n kà. Níbi tí wọ́n ti ṣọ́ra sí i, 1.3 nínú 100 kú. Níbi tí wọn ò ti ṣe é, 1.3 nínú 100 náà ni.

Ká ní wọn ò dìbò ńkọ́? Wọn ì bá sọ pé, "Ó jẹ́ 2.1 tẹ́lẹ̀, ó ti di 1.3, àrà la dá!" Gbogbo wa ì bá sì pàtẹ́wọ́. Lójú tèmi, àbájáde yìí ò ní kí ẹ má ṣọ́ aláìsàn mọ́. Ìwádìí àkọ́kọ́ ti fi hàn pé àwọn onímọ̀ iṣẹ́ abẹ, ìgbẹ̀bí àti oògùn oorun ò pé ẹyọ kan fún 100,000 ènìyàn. Sísún bẹ́ẹ̀dì mọ́ nọ́ọ̀sì ò sọ nọ́ọ̀sì kan di méjì.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oògùn kan ń pani tàbí pé ó ń woni sàn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Mélòó nínú mélòó? Àwọn wo ni ẹ fi wọ́n wé? Ta ló pín wọn? Ẹ bi dókítà yín náà kí ẹ tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ìdáhùn ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ìpinnu lé. Ẹ má gbé e lé ohun tí ẹ gbọ́ nílé òkú.