Jíjáwọ́ Nínú Ọtí Tó Ti Di Bárakú

Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni ọtí tó ti di bárakú. Kì í ṣe ègún. Ní ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson àti Dókítà Bob Smith, tí ọtí ti di bárakú fún àwọn méjèèjì, dá ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kì í gba owó ìwọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lè wọ̀ ọ́. Bí ènìyàn bá sọ ìṣòro rẹ̀ láàárín àwọn tó ti la irú rẹ̀ kọjá, ìtìjú a dínkù, a sì lè gba ara rẹ̀ bí ó ti rí. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà: gìrì lè mú un, ó sì lè kú. Ilé-ìwòsàn ni kí ó kọ́kọ́ lọ.