Epo pupa Ghana: Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe lè gbòòrò láì ba àyíká jẹ́?

Epo pupa wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò ń tà ní ọjà Race Course ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana. Àwọ̀ epo àti adùn rẹ̀ ni oníbàárà ń wò. Kò rí igbó tí wọ́n ṣán kí ọ̀pẹ tó hù, bẹ́ẹ̀ ni kò rí èéfín àti omi ìdọ̀tí tó kù sí ẹbu.

Lágbàáyé, àjọ RSPO, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2004, ń fún àwọn tó ń pèsè epo láì ba àyíká jẹ́ ní ìwé ẹ̀rí. Láti ọdún 2018, ìlànà rẹ̀ kò fàyè gba pípa igbó run nítorí ọ̀pẹ. Ghana náà wà lára orílẹ̀-èdè Áfíríkà méje tó buwọ́ lu ìkéde Marrakesh lọ́dún 2016 láti dáàbò bo igbó.

Ibi tí ìṣòro wà

Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú oko ọ̀pẹ Ghana, obìnrin ló sì pọ̀ jù ní àwọn ẹbu kéékèèké. Ìwé ẹ̀rí, tó ń náni lówó, kì í sábà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Igi ni wọ́n fi ń se ẹyìn; àwọn mìíràn a máa fi ògbólógbòó táyà dáná, èéfín rẹ̀ sì léwu fún ẹni tó ń fà á símú. Bí omi ìdọ̀tí bá ṣàn sódò, ẹja lè kú. Bó bá rà nínú kòtò, á tú gáàsì methane tó ń mú ayé gbóná jáde.

Ọ̀nà àbáyọ

Ìhá àti èésan ṣeé dáná dípò táyà. Ní Juaben, nítòsí Kumasi, ilé iṣẹ́ epo kan ti fi irú wọn pèsè iná mànàmáná. Ìdì tí wọ́n ti já ẹyìn kúrò lára rẹ̀ ń di ajílẹ̀. Omi ìdọ̀tí tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ dáadáa ń pèsè gáàsì ìdáná.

Irúgbìn tó dára, irú èyí tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ní Kusi ń pèsè, ń so ju ti àtijọ́ lọ, ẹ̀rọ ìfúnpo tó dára sì ń fún epo púpọ̀ sí i jáde lára ẹyìn kan náà. Àgbẹ̀ tó rí èrè lórí ilẹ̀ tó ní kò ní í nílò igbó tuntun.

Owó ẹ̀rọ ju agbára ẹnì kan lọ. Bí àwọn ẹlẹ́bu kò bá rí ìrànwọ́ láti jọ rà á, orí epo ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni ìwé ẹ̀rí yóò wà, èéfín yóò sì kù fún wọn.