Kpoulou ní Adja-Ouèrè: Ilẹ̀, Ìtàn àti Ọrọ̀ Ajé

Kpoulou wà lábẹ́ kọmúùnù Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau, ní gúúsù ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ikpinlè, Massè àti Oko-Akarè wà lára àwọn aládùúgbò rẹ̀ nínú kọmúùnù kan náà. Mo kọ àwọn orúkọ wọ̀nyí bí ìwé ìjọba ṣe kọ wọ́n, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro òpìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Kpoulou kò rí bíi Kétu, tí ìtàn àwọn ọba rẹ̀ ti wọ inú ìwé púpọ̀. Ara ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn, ààlà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni a ti lè ka ìtàn irú àwùjọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Etí Faransé ló kọ ọ́. Ohun tí a fi «kp» kọ níbẹ̀ ni àwa ará Nàìjíríà ń fi «p» kọ. «Ou» sì ni «u» wa. Pulu ni yóò jẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n àmì ohùn ti dànù. Nínú ọ̀rọ̀ onísílébù méjì, ohùn mẹ́ta tí Yorùbá ní lè fún wa ní ọ̀nà mẹ́sàn-án tí a lè gbà pe orúkọ yìí. Ikpinlè rọrùn díẹ̀: ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò rántí «ìpínlẹ̀» kíá. «Oko» tó wà nínú Oko-Akarè náà kò fara sin. Ní ti Kpoulou, ẹni tó bá jókòó ti àwòrán ilẹ̀ tó sì ń túmọ̀ orúkọ ń méfò lásán ni.

Ewu tó wà nínú Adja-Ouèrè tilẹ̀ ju èyí lọ. Lẹ́tà kan náà ni Faransé fi ń kọ orúkọ àwọn Ajá, tí wọ́n ka Tádò sí orísun wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ṣọ́ra yóò fi sípẹ́lì nìkan sọ àwọn tó tẹ àgbègbè yìí dó di ará Tádò, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ìwé Faransé ń pè ní Nago. Níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó ti ní ọ̀rọ̀ sọ lórí ilẹ̀, àṣìkà bẹ́ẹ̀ lè di ẹjọ́. Ní 1975 ni Bẹ̀nẹ̀ ṣe álífábẹ́ẹ̀tì fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà, tó fi mọ́ Yorùbá, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò ní 1990. Síbẹ̀ sípẹ́lì àtijọ́ ló ṣì wà nínú ìwé ìjọba.

Ilẹ̀ náà ń jẹ́ orúkọ àjèjì. Ilẹ̀ pupa tó bo òkè pẹrẹsẹ Pobè àti Sakété ni Faransé ń pè ní «terre de barre». «Barro» èdè Pọtogí ni «barre» yìí ti wá, amọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àfonífojì tó wà ní àríwá ni wọ́n ń pè ní Lama, Pọtogí náà ni: ẹrẹ̀. Dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀. Bí òjò bá dé a wú, a lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, bí ọ̀dá bá dé a sán. Ibẹ̀ ni àwọn Ọ̀họ̀rí ń gbé, tí Faransé ń pè ní Holli, ẹrẹ̀ yẹn sì ni odi wọn.

Wọ́n nílò odi náà. Ní 1886 ni ogun Dàhómì pa Kétu run. Ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí àdéhùn tó la ààlà gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá. Kò pẹ́ sí i tí Faransé ṣẹ́gun Dàhómì. Owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe àti kíkó ọmọkùnrin lọ sójú ogun ló tẹ̀ lé e. Àwọn Ọ̀họ̀rí dìtẹ̀ ní 1914 sí 1915. Àwọn mìíràn ní agbègbè náà kò jà. Wọ́n kàn dì ẹrù, wọ́n sọdá sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ṣe àlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀ ti 1976 lórí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, mo sì rò pé kíkó kúrò nílé yìí sọ púpọ̀ fún wa ju ọ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ: ó jẹ́ kí ẹ̀ka-èdè àti ẹbí wà ní apá méjèèjì ààlà.

Ọ̀pẹ ni Faransé ń wá níbẹ̀. Wọ́n la ojú irin láti Àjàṣẹ́ dé Pobè, wọ́n sì dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè ní 1922. Títí di òní, epo pupa, àdí àti ẹmu wà lára ohun tó ń gbé agboolé ró. Ẹmu tí wọ́n bá fi iná sè, tí wọ́n sì gba omi ooru rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní sódàbì. Bí ó bá sọdá ààlà, ògógóró ni. Òjò ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún fún àgbẹ̀ ní ìkórè àgbàdo méjì. Ẹ̀gẹ́ kò nílò ìtọ́jú púpọ̀, àwọn obìnrin ló sì ń sọ ọ́ di gaàrí.

Nàìjíríà ni ọjà ńlá. Nígbà tó ti ààlà rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 2019, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di Oṣù Kejìlá 2020, ìyà ọ̀rọ̀ náà jẹ àgbẹ̀ ẹkùn yìí. Epo bẹntiróòlù inú ìgò, «kpayo», ọ̀rọ̀ Gùn tó túmọ̀ sí ohun tí kì í ṣe ojúlówó, ń gba ẹ̀yìn wọlé. Ní Oṣù Karùn-ún 2023, Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kpayo wọ́n gógó, owó ọkọ̀ ẹrù láti oko sí ọjà sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀.