Àyẹ̀wò Àtọ̀ Nínú Ìtọ́jú Àìrọ́mọbí, Láti Delft Dé Abidjan

Bí oyún bá pẹ́ láàárín tọkọtaya ní Treichville tàbí Adjamé, ní Abidjan, níbi tí àwọn ọmọ Èjìgbò àti àwọn Yorùbá mìíràn ti ń tajà láti ìran dé ìran, ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Òun ni yóò mu àgbo, òun ni yóò gba abẹ́rẹ́, òun ni wọn yóò ya fọ́tò ilé ọmọ rẹ̀. Ọkọ lè pẹ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó lọ ṣe spermogramme, àyẹ̀wò àtọ̀ tí kò ní abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ nínú. Èyí máa ń dùn mí, nítorí ọdún tí ìyàwó fi dúró kì í padà, ẹyin rẹ̀ sì ń darúgbó lọ.

Ọdún 1677 ni Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní ìlú Delft, fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àtọ̀, tó rí àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ń ju ìrù. Nǹkan bí 300 ọdún kọjá kí wọ́n tó bí Louise Brown ní Oldham, ní 25 oṣù Keje 1978, ọmọ àkọ́kọ́ tí IVF, ọ̀nà tí wọ́n fi ń jẹ́ kí àtọ̀ àti ẹyin pàdé nínú àwo lóde ara, mú wá sáyé. Ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ ló dí lára ìyá rẹ̀. Ní Èkó, Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ṣe irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn LUTH, ọmọ sì dé ní 1989. Ṣùgbọ́n bí àtọ̀ ọkọ kò bá lágbára, ìrànlọ́wọ́ IVF ìgbà náà kò tó nǹkan: wọn a da ẹgbẹẹgbẹ̀rún kòkòrò sí ẹ̀gbẹ́ ẹyin nínú àwo, kí èyí tó bá lè wọlé wọlé.

Ọmọ South Africa kan, Thinus Kruger, ló jẹ́ kó hàn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ní 1986, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òṣùwọ̀n líle wo ìrísí kòkòrò àtọ̀. Níbi tí èyí tó pé ní orí, ọrùn àti ìrù bá ti ju 14 lọ nínú 100, ẹyin ń gbà dáadáa. Níbi tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iye ẹyin tó ń gbà ń dínkù. Ní 1992, Gianpiero Palermo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brussels kéde ICSI, tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gún kòkòrò kan ṣoṣo sínú ẹyin kan. Láti ìgbà náà, ẹni tí iye kòkòrò rẹ̀ kéré gan-an náà lè di bàbá. Kódà, bí àtọ̀sí àtijọ́ bá ti dí ọ̀nà, wọ́n lè fa kòkòrò jáde láti inú kóró ẹpọ̀n. Ṣùgbọ́n ICSI kò wo gbogbo nǹkan sàn: kò lè sọ ẹyin obìnrin di ọ̀dọ́, kò lè tún DNA tó ti já nínú kòkòrò ṣe, bí àtọ̀ bá sì dára tẹ́lẹ̀, kò mú ọmọ pọ̀ sí i ju IVF lásán lọ.

Nípa nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sínú ìwé èsì, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà mẹ́fà láti 1980. Ní 2010, ìwọ̀n ìsàlẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 15 kòkòrò nínú mìlílítà àtọ̀ kan; ní 2021 ó di mílíọ̀nù 16. Ara àwọn ọkùnrin tí ìyàwó wọn lóyún láàárín ọdún kan ni wọ́n ti rí i, márùn-ún nínú 100 wọn sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ni àgàn. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí wọ́n ti kó èsì àwọn ọkùnrin yìí jọ fún ìwé 2010, kò sí ti Áfíríkà kankan. Íjíbítì wọlé ní 2021, àmọ́ Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Ara ọkùnrin máa ń lo bí oṣù méjì àbọ̀ láti ṣe kòkòrò tuntun. Ibà tó mú ènìyàn gbóná gan-an lè ba èsì jẹ́ fún gbogbo àkókò yẹn. Nítorí náà, bí èsì àkọ́kọ́ kò bá dára, a máa ń tún un ṣe, kí dókítà tó yàn bóyá IVF lásán ni tàbí ICSI.